Bátìrì olómi, bátìrì lítíọ̀mù, jẹnẹrétọ̀: bí a ṣe ń ṣírò àlùmọ́ọ́nì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ

Ẹni tó bá lọ ra bátìrì ínfátà lónìí, ohun tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Olómi lẹ fẹ́ ni, àbí lítíọ̀mù?" Bí owó ọwọ́ bá ṣe mọ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dáhùn. Mo fẹ́ kí a fi ìbéèrè kan kún un: nínú méjèèjì, èwo ló ń jẹ àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ jù?

Ọ̀nà wà tí a fi ń ṣírò rẹ̀. Ó wà lára iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ àyíká ń pè ní LCA, ìyẹn kíka gbogbo ohun tí ọjà kan gbà lọ́wọ́ ayé àti gbogbo ohun tó dà padà sínú rẹ̀, láti ojú ihò kùsà títí dé ààtàn. ISO 14040 àti ISO 14044, tí wọ́n gbé jáde ní 2006, ló ṣe ìlànà iṣẹ́ náà. Apá àlùmọ́ọ́nì nìkan ni mo fẹ́ mú níbí, mo sì fẹ́ kí a fi bírò àti ìwé ṣe é. Kọ̀ǹpútà lè dúró títí a ó fi mọ ohun tó ń bá wa ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí "tán" jẹ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá, ibẹ̀ náà ni ìṣirò ti ń wọ́. Bẹntiróòlù tí a bá sun ti lọ. Kò sẹ́ni tó lè kó èéfín jọ kó tún padà di epo. Bàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbà tó wà nínú wáyà ilé tí wọ́n kọ́ ní 1975 ṣì jẹ́ bàbà, ó kàn kúrò nínú ilẹ̀ bọ́ sínú ògiri ni. Nígbà tí a bá wá ní àlùmọ́ọ́nì ń tán, èwo là ń sọ?

Àwọn kan á ní ohun tó wà nínú èèpo ilẹ̀ ayé lápapọ̀ ló ń dín kù. Àwọn mìíràn á ní rárá, èyí tí awakùsà lè wà kó sì jèrè lónìí nìkan ló yẹ kí a kà. Ìdáhùn kẹta ni pé ibi tó dára la ti wà tán, pé ìran tó ń bọ̀ máa fọ́ òkúta púpọ̀ ju tiwa lọ kí wọ́n tó rí kílò bàbà kan. Ìyẹn ni ọ̀nà ReCiPe 2016 ń wọ̀n, kílò bàbà ló sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹlòmíì á tún sọ pé ilẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, pé orílẹ̀-èdè tó di ọjà mú ni. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì, àmọ́ ọ̀rọ̀ òwò àti òṣèlú ni. Ẹ má pò ó mọ́ ọ̀rọ̀ títán.

Ìtàn bàbà ni kò jẹ́ kí n fọkàn tán ìdáhùn kejì. Ní 1970, bàbà tí wọ́n gbà pé ó ṣeé wà pẹ̀lú èrè ní gbogbo ayé tó nǹkan bí 280 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Láti ìgbà náà títí di 2014, ayé wa bàbà tó súnmọ́ 500 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Síbẹ̀, iye tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ka àlùmọ́ọ́nì ayé, kà pé ó ṣẹ́ kù ní 2014 jẹ́ 700 mílíọ̀nù. Ilẹ̀ kò bí bàbà tuntun. Owó bàbà ló gòkè, ẹ̀rọ ló dára sí i, àwọn tó ń wá a sì rí i níbòmíì. Òṣùwọ̀n tó bá ń yí padà bí owó ọjà ṣe ń yí, a ò lè fi í mọ ohun tó kù sílẹ̀ fún ọmọ wa.

Ìgbìmọ̀ kan tí Life Cycle Initiative ti UNEP, àjọ àyíká ti ìparapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, gbé kalẹ̀ yẹ ọ̀nà 27 wò, àbọ̀ wọn sì jáde ní 2020. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ "ipa wo ni ọjà yìí ń kó nínú dídín àlùmọ́ọ́nì ayé kù?", ADP, òṣùwọ̀n títán àlùmọ́ọ́nì, èyí tó ń ka gbogbo ohun tó wà nínú èèpo ilẹ̀, ni wọ́n ní kí a lò. Òun náà ni ìlànà EF ti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ń lò. Òun la máa lò níbí.

Bí ADP ṣe ń wọ̀n

Guinée àti Heijungs ní yunifásítì Leiden, ní Netherlands, ló gbé e jáde ní 1995. Báyìí ló rí:

ADP = (iye tí ayé ń wà lọ́dún ÷ iye inú ilẹ̀ ÷ iye inú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i), tí a wá fi ìṣirò kan náà ti áńtímónì, àlùmọ́ọ́nì kan, pín.

Kí ló dé tí a fi ń fi iye inú ilẹ̀ pín lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ ro ilé méjì tó ń bu gàrí kọ́ńgò kan lójúmọ́. Àpò gàrí wà ní ilé àkọ́kọ́, agbọ̀n kékeré ló wà ní ilé kejì. Pípín àkọ́kọ́ ń sọ bí gàrí ṣe ń yá tán sí. Pípín kejì ń sọ bí kọ́ńgò kan ṣe wúwo tó: kọ́ńgò tí wọ́n bù nínú agbọ̀n dun ilé yẹn ju kọ́ńgò tí wọ́n bù nínú àpò lọ. ADP pa méjèèjì pọ̀.

Áńtímónì ni ìwọ̀n, bí ọ̀pá tí oníṣọ̀nà fi ń wọn igi yòókù. Nítorí náà, kílò áńtímónì ni èsì máa ń jẹ́, tí wọ́n ń kọ báyìí: kg Sb eq. Stibium lorúkọ Látìn rẹ̀, orúkọ náà sì wá láti ara àtíkè dúdú tí wọ́n ń lé sójú láyé àtijọ́, ìyẹn tìróò. Tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà wa lónìí, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, òjé ló sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lé e sójú ọmọ. Òjé àti áńtímónì yìí kan náà la máa bá pàdé nínú bátìrì olómi.

Ẹ ò ní láti ṣírò ADP fúnra yín. Ó wà nínú àtẹ CML-IA tí Leiden ṣe. Àwọn tí a nílò nìyí, fún kílò kọ̀ọ̀kan:

Wúrà: 52
Fàdákà: 1.18
Áńtímónì: 1
Tánganran (tin): 0.0162
Òjé: 0.00634
Bàbà: 0.00137
Lítíọ̀mù: 0.0000115
Irin: 0.0000000524
Alumíníọ̀mù: 0.00000000109

Ẹ wo ibi tí wúrà wà, kí ẹ sì wo ibi tí lítíọ̀mù wà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé lítíọ̀mù máa wà lókè pátápátá.

Iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ kó ṣe?

A kì í fi bátìrì kan wé bátìrì kan. Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kó tó kú la fi ń wéra. Fún àpẹẹrẹ wa, iṣẹ́ náà ni kí bátìrì fún ilé ní yúnìtì iná 4,800 lápapọ̀, yúnìtì tí a ń rà sínú mítà gan-an, ìyẹn kWh.

Àwọn iye tí mo fẹ́ lò nísàlẹ̀ yìí, èmi ni mo mú wọn fún àpẹẹrẹ. Ẹ fi ti bátìrì yín rọ́pò wọn.

Bátìrì olómi, 12 V, 200 Ah, gba yúnìtì 2.4. A kì í lò ó kọjá ìdajì bí a ò bá fẹ́ kó tètè kú, nítorí náà yúnìtì 1.2 ló ń fún wa lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 1,000, yúnìtì 1,200 nìyẹn. A nílò mẹ́rin.

Bátìrì lítíọ̀mù onífọ́sífétì tó tóbi bákan náà lè lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, yúnìtì 1.92 lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ṣe é nígbà 2,500, yúnìtì 4,800 nìyẹn. Ẹyọ kan ti tó.

Ẹni tó bá fi bátìrì kan wé bátìrì kan ti fi ìlọ́po mẹ́rin ṣìnà kó tó ka òjé rárá.

Ẹ ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tó kéré

Bátìrì olómi wa wọ̀n tó nǹkan bí 60 kílò. Ká ní kílò 36 nínú rẹ̀ jẹ́ òjé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú ìṣirò yìí, mo kọ òjé sílẹ̀, mo kọ ike sílẹ̀, mo kọ ásíìdì sílẹ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe tán. Ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ bátìrì dunjú ló bi mí pé, "Òjé rírọ̀ lásán lo rò pé ó dúró ṣánṣán nínú ásíìdì fún ọdún mẹ́rin?" Wọ́n máa ń po áńtímónì díẹ̀ mọ́ òjé egungun bátìrì olómi kó lè le. Ká fi 0.3 kílò sí bátìrì kọ̀ọ̀kan.

Nínú ti lítíọ̀mù: lítíọ̀mù 0.24 kílò, bàbà 1.5 kílò, alumíníọ̀mù 2 kílò. Pátákó iná kékeré kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ bátìrì náà. Ká ní wúrà ara rẹ̀ jẹ́ 0.02 gíráàmù, tánganran tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ sì jẹ́ 10 gíráàmù.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dáadáa, ẹ fi ohun tó ṣòfò lọ́nà kún un. Òjé kílò kan tó dé inú bátìrì ju kílò kan lọ nígbà tó wà nínú òkúta, torí pé díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú ìdọ̀tí ibi ìfọ̀ àti ibi ìyọ́. Bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bá ṣòfò, 144 kílò á di 160. Mo yọ ọ́ kúrò nísàlẹ̀ yìí kí ìṣirò lè rọrùn láti tẹ̀lé.

Ìṣirò fúnra rẹ̀

Bátìrì olómi mẹ́rin:
Òjé: 144 × 0.00634 = 0.91
Áńtímónì: 1.2 × 1 = 1.2
Àròpọ̀: 2.11 kg Sb eq

Bátìrì lítíọ̀mù kan:
Bàbà: 1.5 × 0.00137 = 0.00206
Wúrà: 0.00002 × 52 = 0.00104
Tánganran: 0.01 × 0.0162 = 0.00016
Lítíọ̀mù: 0.24 × 0.0000115 = 0.000003
Alumíníọ̀mù: kò tó nǹkan
Àròpọ̀: 0.0033 kg Sb eq

Olómi ju lítíọ̀mù lọ ní ìlọ́po tó lé ní 600. Àmọ́ ẹ má tíì gbé e jáde fún aráyé. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Áńtímónì kílò kan àti díẹ̀, tí ojú kò rí, wúwo ju òjé 144 kílò tó ń ṣẹ́ni léjìká. Wúrà tí kò tó hóró iyanrìn mélòó kan súnmọ́ ìdajì bàbà kílò kan ààbọ̀. Ẹni tó bá ní "èyí kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fò ó", ohun tó fò yẹn gan-an lè jẹ́ ìdáhùn.

Bátìrì tó ti kú kì í lọ sí ààtàn

Gbogbo wa mọ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò ra bátìrì tó ti kú. Òjé inú rẹ̀ ń padà sínú bátìrì tuntun. Bí a bá kà á bíi pé ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá, a ti parọ́ mọ́ bátìrì olómi.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a ka òjé tó ti ara bátìrì àtijọ́ wá sí òfo, ká sì ka tuntun nìkan. Bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún bá jẹ́ àtijọ́, tí áńtímónì sì bá òjé rìn, tuntun inú òjé jẹ́ 28.8 kílò, ti áńtímónì sì jẹ́ 0.24. Èsì á di 0.18 + 0.24, ìyẹn 0.42. Ó ṣì ju lítíọ̀mù lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 130, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ òtítọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí a ka gbogbo òjé sí tuntun, ká wá yọ èyí tí a máa rí padà lẹ́yìn ikú bátìrì kúrò. Ẹ mú ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì pa pọ̀ ti ka òjé kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì ti rí i nínú iṣẹ́ àwọn tó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí kg Sb eq kò ní sọ fún yín láé. Ní Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé bátìrì, àyẹ̀wò tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2025 bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò, ọmọdé wà nínú wọn. Lójú ADP, òjé tí wọ́n yọ́ ní gbangba láàárín ilé àwọn èèyàn dára ju òjé tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀. Ọ̀wọ́n àlùmọ́ọ́nì nìkan ló ń wọ̀n. Májèlé ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ nínú LCA, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé òṣùwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ wọlé

Ká mú jẹnẹrétọ̀ kékeré méjì kó fún wa ní yúnìtì 4,800 kan náà. Bàbà inú méjèèjì, kílò méjì. Irin, 30 kílò. Òṣùwọ̀n áńtímónì: 0.0027. Ó kéré ju ti bátìrì lítíọ̀mù lọ! Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ṣèdájọ́ máa ní kí gbogbo àdúgbò padà sí jẹnẹrétọ̀.

Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ya epo, gáàsì àti èédú sọ́tọ̀. ADP tiwọn kì í ṣe kílò áńtímónì, megajoule ni, MJ, ìyẹn agbára tó wà nínú epo náà. Bí yúnìtì kan bá gba lítà 0.6, yúnìtì 4,800 gba lítà 2,880. Bẹntiróòlù lítà kan ní nǹkan bí 33 MJ. Ẹ fi 33 sọ 2,880 di púpọ̀: 95,040 MJ, kí a tó ka epo tí wọ́n sun láti fọ epo àti láti gbé e dé ilé epo.

Ẹ má ro kg Sb eq pọ̀ mọ́ MJ. Ẹ kọ wọ́n sí ìlà méjì.

Bátìrì náà kì í dá iná. Ẹ béèrè ibi tí iná tó ń wọ inú rẹ̀ ti ń wá. Bó bá jẹ́ iná ìjọba, Kainji, Jebba àti Shiroro ń lo omi, àmọ́ gáàsì ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa, kí ẹ sì ka gáàsì náà. Olómi ń fi iná ṣòfò ju lítíọ̀mù lọ. Bó bá jẹ́ sólà, fàdákà wà lójú pánẹ́ẹ̀lì. Ká ní pánẹ́ẹ̀lì 1,000 W ní fàdákà gíráàmù 15: 0.015 × 1.18 = 0.0177. Bí ó bá máa fún wa ní yúnìtì 32,500 ní ọdún 25, tí bátìrì lítíọ̀mù wa sì gba nǹkan bí 5,050 nínú rẹ̀, ìpín tirẹ̀ jẹ́ 0.0028. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bátìrì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ya ààlà rẹ̀ sí ara bátìrì nìkan kò ní rí i.

Ẹ mì í wò

Kí ẹ tó gbà èsì yín gbọ́, ẹ yí ohun tí ẹ rò sí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ yí ìtumọ̀ "tán" padà. Ìlànà ILCD tí Yúróòpù lò kó tó di EF kò ka gbogbo ohun inú èèpo ilẹ̀. Apá tó súnmọ́ ohun tó ṣeé wà ló kà. Nínú tirẹ̀, òjé kúrò ní 0.00634, ó di 0.015. Òjé wa 144 kílò á di 2.16, áńtímónì á ṣì jẹ́ 1.2. Òjé ti gba iwájú. Bátìrì kan náà ni, ẹni tó ń jẹ ẹ̀bi ló yí padà, torí pé a yí ìbéèrè padà. Nǹkan mìíràn tó tún ba ọ̀nà yẹn jẹ́ ni pé USGS ti dẹ́kun títẹ iye tó dúró lé lórí jáde.

Ẹ tún yí ọjọ́ orí iye náà padà. Iye ìwakùsà 1999 ló wà lẹ́yìn àtẹ CML tí mo lò. Lítíọ̀mù tí ayé ń wà ti pọ̀ gan-an láti ìgbà náà. Ní 2023 ó ti kọjá 150,000 tọ́ọ̀nù. Ká tilẹ̀ sọ ADP lítíọ̀mù di ìlọ́po 20: 0.000003 wa á di 0.00006. Kò mi èsì rárá. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé lítíọ̀mù kò ní ẹ̀bi. Ní Atacama ní Ṣílè, omi iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń fà sókè kí oòrùn gbẹ ẹ́ kí lítíọ̀mù tó jáde, nínú aṣálẹ̀ tí omi ti ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n omi ló máa rí ìyẹn. ADP kò rí omi, kò rí igi, kò rí ẹja.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí iye ìgbà tí bátìrì ń gba iná padà. Bátìrì lítíọ̀mù tí kò dára, tó kú lẹ́yìn ìgbà 500, a nílò márùn-ún: 0.0163. Ó ṣì kéré sí 0.42. Èyí ló jẹ́ kí n lè dúró lórí èsì náà.

Nígbà tí ẹ bá wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà

openLCA, tí GreenDelta ní Berlin ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́. Dátà ni ó ń náni lówó. Ecoinvent ti Switzerland ló gbajúmọ̀ jù, àmọ́ àwọn ọ̀fẹ́ kan wà tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan CML-IA tàbí EF, kí ẹ sì rí i pé ìlà méjì ló wà fún àlùmọ́ọ́nì, ti kg Sb eq àti ti MJ.

Bí èsì bá jáde ní òfo, kì í sábàá jẹ́ pé ọjà yín kò jẹ nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà ń ka òjé "inú ilẹ̀" nìkan. Bí ẹ bá kọ òjé sílẹ̀ bí ọjà tí ẹ rà, láì so ó mọ́ ìwakùsà tó ti wá, kò ní rí i. Ẹ tẹ̀lé e padà títí dé ihò. Bí ó bá sì jáde ní iye ńlá tó yani lẹ́nu, ẹ wá wúrà, fàdákà tàbí áńtímónì. Ọ̀kan nínú wọn ló sábà máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn nítorí pé ẹnìkan tẹ kílò síbi tó yẹ kó tẹ gíráàmù.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ èsì, ẹ kọ ọ́ kí ẹlòmíì lè tún un ṣe: "Fún yúnìtì 4,800 láti inú bátìrì, láìka orísun iná tó wọ inú rẹ̀: olómi 0.42 kg Sb eq, lítíọ̀mù 0.0033 kg Sb eq. ADP, gbogbo èèpo ilẹ̀, àtẹ CML-IA. Ìdá 80 òjé àti áńtímónì jẹ́ àtijọ́, a kà á sí òfo. A kò ka ìfiṣòfò níbi ìyọ́. A kò wọn májèlé, a kò wọn omi."